Ayọ̀ Tó Gba Oorun Lójú Àbúrò Mi

Ìmọ́lẹ̀ abẹ́ ilẹ̀kùn ni mo kọ́kọ́ rí. Aago mẹ́ta òru ti lù, mo dìde láti lọ mu omi, ni mo bá rí ìlà ìmọ́lẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ ilẹ̀kùn yàrá àbúrò mi ọkùnrin. Mo dúró, mo tẹ́tí. Ìka rẹ̀ ń sáré lórí kọ̀ǹpútà, pá-pá-pá-pá, kò sinmi rárá. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà náà. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́, mo sì padà sórí ibùsùn mi. Ohun tó wà lọ́kàn mi ni pé ọmọ yìí máa dèèyàn ńlá.

Ó ti pẹ́ báyìí, síbẹ̀ ẹ̀rín yẹn ṣì ń dùn mí.

Alẹ́ kẹta nìyẹn lẹ́yìn tí ó gba ipò kìíní nínú ìdíje àwọn ọ̀dọ́ tó ń kọ ètò orí kọ̀ǹpútà. Nǹkan bí aago mẹ́wàá alẹ́ ni ìròyìn náà wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ariwo ayọ̀ tí a pa lálẹ́ ọjọ́ náà kò kéré. Màmá wa jó, Bàbá wa ń pe àwọn ọ̀rẹ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi náà gbé àwòrán rẹ̀ sórí Facebook, ìkíni sì ń rọ́ wọlé bí òjò. Kò sẹ́ni tó fojú kan oorun títí aago méjì fi lù. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó ní ètò tuntun kan ti sọ sí òun lọ́kàn, òun fẹ́ bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kó tó sá mọ́ òun lọ́wọ́. Lálẹ́ ọjọ́ kẹta ni mo rí ìmọ́lẹ̀ abẹ́ ilẹ̀kùn.

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó pé, ètò kan ti di márùn-ún. Ọ̀rọ̀ ń gun ara wọn lẹ́nu rẹ̀; kó tó parí ọ̀kan, òmíràn ti bẹ́ jáde. Ó kó bàtà rẹ̀ fún àwọn ọ̀rẹ́, ó ní láìpẹ́ òun ò ní nílò wọn mọ́. Ó sọ̀rọ̀ sí Bàbá lọ́nà tí kò sọ rí láyé rẹ̀. Wákàtí méjì péré ló ń sùn lóru, nígbà mìíràn kò tó bẹ́ẹ̀, kò sì rẹ̀ ẹ́. Ibi tó yẹ kí ẹ̀rù ti bà wá nìyẹn. Ẹni tó ń fi tipátipá ṣàìsùn nítorí ìdánwò máa ń yán, ojú rẹ̀ máa ń pọ́n, á máa tòògbé nídìí oúnjẹ. Àbúrò mi kò yán lẹ́ẹ̀kan. Ojú rẹ̀ ń dán bí ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wẹ̀ jáde.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn.

Dókítà tó gbà wá bi wá ní ìbéèrè tí a kò retí. Wọn ò bi wá bóyá ẹnì kan kú, wọn ò bi wá bóyá wọ́n fìyà jẹ ẹ́ níbì kan. Wọ́n ní, "Ṣé nǹkan ayọ̀ ńlá kan ṣẹlẹ̀ sí i láìpẹ́ yìí?" Inú bí Màmá. Wọ́n ní, "Dókítà, kí ló kan ayọ̀ nínú ọ̀rọ̀ àìsàn?"

Ìbànújẹ́ sorí àgbà kodò, gbogbo wa la mọ òwe yẹn. A mọ bí a ṣe ń ṣọ́ ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, a kì í fi í sílẹ̀ lóun nìkan. Ṣùgbọ́n ẹni tí oríire bá, ìlù là ń lù fún un, àfi kó máa jó. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ọmọ kan lè wà tó jẹ́ pé ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ bá tẹ ohun tó ń wá ló yẹ kí a jókòó tì í.

Orúkọ tí wọ́n pe àìsàn náà ni bàìpólà. Ẹ̀gbẹ́ méjì ló ní. Ní ẹ̀gbẹ́ kan, ara àti ọkàn á ru sókè: oorun á kúrò lójú, èrò á máa sáré, ènìyàn á máa rò pé kò sí ohun tí òun ò lè ṣe. Ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ìsoríkọ́ á dé, ohun tó fúyẹ́ jù á wúwo bí òkúta lọ́wọ́ onítọ̀hún. Àjọ Ìlera Àgbáyé ṣírò rẹ̀ pé ní ọdún 2019, nǹkan bí 40 mílíọ̀nù ènìyàn ló ń bá a gbé kárí ayé. Lára ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìgbà ọ̀dọ́langba tàbí kété lẹ́yìn rẹ̀ ló kọ́kọ́ yọjú. Nígbà tí dókítà béèrè nípa ọdún tó ṣáájú, a wo ojú ara wa. Oṣù mẹ́ta gbáko ni ọmọ yìí fi ń sùn di ọ̀sán, tí kò fẹ́ jẹun, tí kò fẹ́ rí ọ̀rẹ́ kankan. Ọ̀lẹ la pè é. Ẹnu mi yìí náà ni mo fi pè é bẹ́ẹ̀.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń kàwé, tí mo ń bi àwọn tó mọ̀ léèrè. N kì í ṣe dókítà. Ẹ̀gbọ́n ni mí, mo sì fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àbúrò mi.

Nínú ọpọlọ gbogbo wa, apá kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa sọ pé, "Ohun dídára kan wà níwájú, dìde, lọ mú un." Jeffrey Gray, onímọ̀ nípa ìwà ẹ̀dá ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ là á sílẹ̀ bí apá yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Dópámìnì, èròjà kan tí àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ fi ń ránṣẹ́ síra wọn, ló ń bá a gbé iṣẹ́ náà. Agbára rẹ̀ kò dọ́gba lára ènìyàn. Èrè tó wà níwájú lè dà bí ẹni tó rọra kanlẹ̀kùn sí ẹnì kan. Sí ẹlòmíràn, á dà bí agogo tí wọ́n lù sí i létí. Agogo ni ti àbúrò mi láti kékeré. Tí wọ́n bá ṣèlérí bọ́ọ̀lù fún un lónìí, kò ní yé sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ títí bọ́ọ̀lù náà á fi dé. Tí wọ́n bá sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, kì í ṣe pé á sunkún kó dákẹ́. Ṣe ni gbogbo ara rẹ̀ á kú fin-ín.

Lauren Alloy àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Temple ní Philadelphia, ilẹ̀ Amẹ́ríkà, tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 14 sí 19, tí bàìpólà kò tíì bá jà rí. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde jáde ní ọdún 2012, ó hàn pé àwọn tí apá tó ń lé èrè yìí lágbára gan-an lára wọn ni àìsàn náà pọ̀ jù láàárín wọn lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn. Ṣáájú ìgbà yẹn, ní ọdún 2000, Sheri Johnson àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ti wo àwọn tó ti ní bàìpólà. Wọ́n rí i pé àmì ìrusókè ń pọ̀ sí i lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ tí ọwọ́ ènìyàn bá fi tẹ ohun tó ń lé. Kì í kàn ṣe gbogbo nǹkan tó bá dùn mọ́ ènìyàn ló ń fà á o. Jíjẹ́ kí ọwọ́ tẹ ohun tí ọkàn ti ń sáré tẹ̀ lé, ìyẹn gan-an ni.

Ibẹ̀ ni mo ti rántí bí ìsoríkọ́ ọdún tó ṣáájú ṣe bẹ̀rẹ̀. Wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ẹgbẹ́ kan tí ó ti fọkàn sí fún ọdún kan gbáko. Kò sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ kejì, kò lè dìde mọ́. Bí àwọn onímọ̀ yìí ṣe ṣàlàyé rẹ̀, ohun tó ń gbé e sókè náà ló ń já a sílẹ̀: tí ọ̀nà bá là, á sáré kọjá ààlà, tí ọ̀nà bá dí, á kú pátápátá. Àwa tí à ń wò ó lóde rò pé ọmọ méjì la bí.

Àwọn ènìyàn sọ fún wa pé àṣejù ni, pé àṣejù baba àṣetẹ́. Mo bọ̀wọ̀ fún òwe náà, ṣùgbọ́n kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Ẹni tó ń ṣe àṣejù lè dúró tí ó bá fẹ́. Àbúrò mi kò lè dúró.

Èrè nìkan kọ́ ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Aago kan tún wà. Nínú ọpọlọ, lókè ibi tí iṣan ojú ọ̀tún àti ti òsì ti ń kọjá lára ara wọn, ìdìpọ̀ sẹ́ẹ̀lì kékeré kan wà, nǹkan bí 20,000. Òun ni ọ̀gá aago ara. Òun ló ń sọ fún ara ìgbà tó yẹ kó gbóná, ìgbà tó yẹ kó tutù, ìgbà tó yẹ kí mẹlatónìn, họ́mọ̀nù òru, bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde. Iṣẹ́ tí Jeffrey Hall, Michael Rosbash àti Michael Young ṣe láti mọ bí irú aago bẹ́ẹ̀ ṣe ń lọ nínú sẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi gba ẹ̀bùn Nobel ní ọdún 2017. Tí a bá fi aago yìí sílẹ̀ láìsí ìmọ́lẹ̀ tó ń tún un ṣe, ọjọ́ tirẹ̀ á fi díẹ̀ lé ní wákàtí 24. Nítorí náà, lójoojúmọ́ ló nílò ẹni tó máa fà á padà. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ ló ń ṣe é jù, ṣùgbọ́n ìgbà tí a jẹun, ìgbà tí a rí ènìyàn, ìgbà tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, gbogbo wọn ló ń ràn án lọ́wọ́.

Ó wá di pé ọmọ ń bàlágà, aago náà á sún sẹ́yìn. Mary Carskadon wà lára àwọn tó fi ìwádìí ọ̀pọ̀ ọdún fi èyí hàn: mẹlatónìn ọ̀dọ́langba máa ń pẹ́ kó tó dé lálẹ́ ju ti ọmọdé lọ. Ní ọdún 2004, Till Roenneberg àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní ilẹ̀ Jámánì fi hàn pé pípẹ́ sùn yìí á máa pọ̀ sí i títí di nǹkan bí ọmọ ogún ọdún, kó tó wá yí padà díẹ̀díẹ̀. Èyí jẹ́ pé ọ̀dọ́langba tí a ní kó lọ sùn ní aago mẹ́sàn-án, tó dùbúlẹ̀ tó ń wo àjà, lè má ṣe orí kunkun rárá. Aago rẹ̀ kò tíì dé òru ni. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọmọdé ní Amẹ́ríkà tìtorí èyí ní kí ilé ìwé àwọn ọ̀dọ́ má bẹ̀rẹ̀ ṣáájú aago 8:30 àárọ̀. Ọdún 2014 ni wọ́n sọ ọ́. Ìpínlẹ̀ California sọ irú rẹ̀ di òfin fún àwọn ilé ìwé girama, òfin náà sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 2022. Mo fẹ́ kí ọ̀pọ̀ ibi ṣe bẹ́ẹ̀.

Ẹ wá wo bí nǹkan méjèèjì ṣe pàdé. Ìgbà ọ̀dọ́langba náà ni apá tó ń lé èrè nínú ọpọlọ máa ń gbóná jù, nígbà tí apá tó yẹ kó máa dá a lẹ́kun, tó wà níwájú orí, kò tíì gbó tán. Ó di ẹni ọdún mẹ́ẹ̀dọ́gbọ̀n tàbí jù bẹ́ẹ̀ kó tó gbó. Ìgbà kan náà ni aago ń sún sẹ́yìn. Ní ọdún 2015, Alloy, Robin Nusslock àti Elaine Boland kọ ọ́ pọ̀ pé kò yẹ kí a máa wo méjèèjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ nínú bàìpólà, pé ṣe ni wọ́n ń ti ara wọn. Nígbà tí mo kà á, ó dà bí ẹni pé wọ́n jókòó sí pálọ̀ wa lọ́sẹ̀ yẹn. Èrè dé lálẹ́, èrè lé oorun lọ. Àìsùn da aago rú. Aago tó dàrú sọ ọpọlọ di ohun tí èrè tún ń ta jí sí i, tí ó fi jẹ́ pé èrò aago mẹ́ta òru ń dán ju wúrà lọ. Èrò náà sì tún lé oorun ọjọ́ kejì lọ. Láti ọdún 1987 ni Thomas Wehr àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti kọ ọ́ pé ohun yòówù tó bá bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ náà, àìsùn lè jẹ́ ojú ọ̀nà tí gbogbo rẹ̀ ń gbà dé ìrusókè. Kódà lára eku, wọ́n rí nǹkan tó jọ ọ́: àwọn eku tí wọ́n yí jíìnì aago wọn padà kì í sùn tó, wọn kì í bẹ̀rù, èrè sì ń fà wọ́n jù. Nígbà tí wọ́n fún wọn ní lithium, oògùn kan tí wọ́n fi ń tọ́jú bàìpólà, ìwà wọn súnmọ́ ti eku yòókù. Ọdún 2007 ni wọ́n tẹ ìyẹn jáde.

Fóònù ni mi ò lè dákẹ́ lé lórí. Ohun kan ṣoṣo ló kó méjèèjì dání: ìmọ́lẹ̀ tó ń tan ọpọlọ pé ilẹ̀ kò tíì ṣú, àti ìyìn tó ń wọlé ní ìṣẹ́jú ìṣẹ́jú. Ìkíni tí mo ń pè wá sórí Facebook lálẹ́ ọjọ́ tí ó gba ipò kìíní, tí mo ń sáré ka sí i létí lọ́kọ̀ọ̀kan, èmi ni mo ń bu epo síná yẹn. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é. Mi ò mọ̀.

Kí ẹnikẹ́ni má kà á kó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí ọmọ rẹ̀ tó fẹ́ràn nǹkan. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ló ń pẹ́ sùn, tí ìtara wọn sì pọ̀, tí bàìpólà kò sì kàn wọ́n láéláé. Nǹkan tí dókítà ní kí a máa wò ni ìyípadà kúrò nínú bí ọmọ náà ṣe máa ń rí: kó má sùn, kó má sì rẹ̀ ẹ́, kí ọ̀rọ̀ àti èrò máa sáré, kí ìnáwó tàbí ìwà ewu wọlé, kó sì máa bá a lọ fún ọjọ́ mélòó kan láìdúró. Ìdílé tí àìsàn náà ti wà rí tún gbọ́dọ̀ ṣọ́ra jù, nítorí pé ó ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn.

Oògùn ni olórí ìtọ́jú rẹ̀, lithium sì wà lára èyí tí àbúrò mi ń lò. Láti ọdún 1949, tí John Cade kọ̀wé nípa rẹ̀ ní Ọsirélíà, ni wọ́n ti ń lò ó fún àìsàn yìí. Wọ́n ti rí i pé ó ń fa ọjọ́ aago ara gùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwé ìkọ̀wé kékeré kan, aláwọ̀ búlúù, ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Ní ọdún 1988, Cindy Ehlers, Ellen Frank àti David Kupfer gbé èrò kan kalẹ̀ pé àwọn ènìyàn àti ìṣe ojoojúmọ́ ló ń di aago wa mú, àti pé tí wọ́n bá já, ọkàn náà lè já tẹ̀ lé wọn. Láti inú èrò yẹn ni Frank àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Pittsburgh ti ṣe ìtọ́jú kan tí ó ń mú ojúmọ́ aláìsàn dọ́gba. Ní ọdún 2005, wọ́n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ènìyàn 175: àwọn tó gba ìtọ́jú náà nígbà tí àìsàn wọn le ló pẹ́ jù kí òmíràn tó tún bá wọn. Nǹkan márùn-ún ni wọ́n ń kọ sílẹ̀ lójúmọ́, ìgbà tí ó ṣe kálukú wọn: ìgbà tí ó dìde lórí ibùsùn, ìgbà tí ó kọ́kọ́ bá ènìyàn pàdé, ìgbà tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tàbí ẹ̀kọ́, ìgbà tí ó jẹun alẹ́, ìgbà tí ó lọ sùn.

Ìyẹn ló wà nínú ìwé aláwọ̀ búlúù náà. Ní oṣù àkọ́kọ́, gbogbo ojú ìwé ló gún régé: sùn 10:30, sùn 10:30, sùn 10:30. Mo mọ̀ pé irọ́ ni, mi ò sọ nǹkan kan. Ní oṣù kejì, mo ṣí i, mo rí ibi tí ó ti fa ìlà gba orí 10:30 kan, tó fi bírò pupa kọ 1:40 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ pé, "Mo parọ́." Mo mú ìwé náà dání títí ọwọ́ mi fi ń gbọ̀n. Ọjọ́ yẹn ni ara mi kọ́kọ́ balẹ̀.

Kò rọrùn fún un. Ó bi mí lálẹ́ ọjọ́ kan pé, "Àǹtí mi, ṣé ẹ fẹ́ kí n má láyọ̀ mọ́ ni?" Ó rò pé a fẹ́ pa iná tó wà nínú òun, èyí tó ń mú kí òun mọ nǹkan ṣe. N kò rí èsì fún un lálẹ́ ọjọ́ náà. Ó pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́ lọ́nà tó yé èmi fúnra mi: iná náà ń jẹ́ tirẹ̀, a kò fẹ́ kó kú, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ máa jó lóru. Nítorí náà a yí ìṣe ilé wa padà. Tí ẹnì kan bá ní oríire, ọ̀sán la fi ń ṣe é. Aago mẹ́sàn-án alẹ́, gbogbo fóònù á kúrò ní yàrá, ti Bàbá pàápàá. Iná pálọ̀ á wálẹ̀. Mo ti ka ìwádìí kan láti ilẹ̀ Norway, ti ọdún 2016, tí wọ́n fún àwọn àgbàlagbà tí ìrusókè mú ní awò ojú tí ń dí ìmọ́lẹ̀ búlúù, láti aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ dé mẹ́jọ àárọ̀ fún ọjọ́ méje, láfikún sí oògùn wọn. Àmì àìsàn wọn rọlẹ̀ gan-an ju ti àwọn tó lo awò lásán lọ. Ènìyàn 23 péré ni wọ́n, kò pọ̀. Síbẹ̀, láti ìgbà tí mo ti kà á ni mo ti ń wo òkùnkùn pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

Ọmọ ọdún 20 ni àbúrò mi báyìí. Ó ti tún ṣubú lẹ́ẹ̀kan láàárín ọdún wọ̀nyí, a tètè rí i, kò pẹ́ kó tó dìde.

Ní oṣù tó kọjá, mo wà nílé lọ́dọ̀ wọn. Mo ń múra láti sùn nígbà tí ó kanlẹ̀kùn mi. Ó dúró sí ẹnu ọ̀nà, ó ń fi èjìká ti férémù, ẹ̀rín kan wà lẹ́nu rẹ̀ tí kò lè fi pa mọ́. Ó ní, "Àǹtí mi, mo gbọ́ nǹkan kan láti ibi tí mo kọ̀wé sí. Ó dáa. Àmọ́ aago mẹ́wàá ti lù." Ó na fóònù rẹ̀ sí mi. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi tọ́jú ẹ̀. Tó bá di àárọ̀, màá sọ ọ́ fún gbogbo yín."

Mo gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Mo dojú rẹ̀ bolẹ̀ sórí tábìlì láìwò ó. Mo gbọ́ nígbà tí ilẹ̀kùn rẹ̀ tì, mo wá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo wo abẹ́ ilẹ̀kùn náà. Òkùnkùn ló wà níbẹ̀.